Hóró fóòmù tó ń jẹrà di ajílẹ̀: ìbéèrè tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń bi wá

Àwọn ìyá olóúnjẹ, àwọn tó ń kó ẹja láti Ìgbọ́kọ̀dá, àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, àti àwọn tó kàn fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ló ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí. A kó wọn jọ síbí kí ẹnu má baà máa rẹ̀ wá. Ìdáhùn mìíràn gùn, òmíràn ò gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí la ti dúró pẹ́.

Kí ni hóró fóòmù tí ẹ ń sọ yìí gan-an?

Ẹ ti rí i rí. Bí ẹ bá fọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí, àwọn hóró róbótó tó máa ń fò káàkiri ilẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀ tí kò ṣeé gbá, òun nìyẹn. Polystyrene tó wá láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1950, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì tí ì yí padà: wọ́n á mú hóró ike kékeré, wọ́n á fi gáàsì sí i nínú, wọ́n á fi ooru bà á, á sì wú. Afẹ́fẹ́ ló kó nǹkan bí ìdá 98 nínú ìdá 100 fóòmù náà.

Èyí tí à ń sọ níbí, ara ohun ọ̀gbìn ni ike rẹ̀ ti wá, ó sì lè jẹrà di ajílẹ̀ bí ẹ bá gbé e síbi tó yẹ. Ẹ di “ibi tó yẹ” yẹn mú dáadáa, a ṣì máa bá a pàdé nísàlẹ̀.

Ṣé ẹ̀gẹ́ lẹ fi ń ṣe é lóòótọ́?

Oríṣi méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pò ó pọ̀. Àkọ́kọ́ ni fóòmù sítáàṣì: sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo tí wọ́n mú wú ní tààrà. Ìkejì ni fóòmù PLA (polylactic acid), ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ sítáàṣì di ṣúgà, tàbí kí wọ́n lo ṣúgà ìrèké. Kòkòrò àìfojúrí á jẹ ṣúgà yẹn, á sì sọ ọ́ di lactic acid. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ògì nílé mọ àsìdì yìí láìmọ orúkọ rẹ̀, torí òun ló ń mú omidùn kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa omi jáde lára rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ra ní okùn gígùn gígùn. Okùn yẹn ni PLA.

Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe PLA wà ní ìlú Blair ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Amẹ́ríkà, àgbàdo ni wọ́n ń lò. Òmíràn wà ní Rayong ní Thailand, ìrèké ni tiwọn. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, síbẹ̀ inú àpò tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá ni PLA tí à ń fi ọwọ́ kàn ní Àkúrẹ́ ti ń jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀gẹ́ oko bàbá òun lòun fi ṣe hóró PLA, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn yín.

Ṣé iṣẹ́ yìí ò ní mú kí gàárì tún wọ́n sí i?

Kò jọ bẹ́ẹ̀. Fóòmù kì í jẹ ike púpọ̀, ẹ ó rí ìṣirò rẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀nà oko tó bàjẹ́ àti owó epo mọ́tò ni kẹ́ ẹ bá wí.

Báwo lẹ ṣe ń mú PLA wú?

PLA máa ń dé bíi hóró ọkà bàbà. Ìyẹn ti tóbi jù fún iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá mú un wú ní títóbi yẹn, bọ́ọ̀lù gbàǹgbà gbàǹgbà lẹ ó rí, kò ní lè wọ igun móòdù, ìyẹn àpótí irin tí a fi ń mọ fóòmù. Nítorí náà, a ní láti yọ́ ọ kí a tún un gé, kó kéré tó nǹkan bíi mìlímítà kan. Láàárín 150°C sí 180°C ló ń yọ́. Àmọ́ kó tó wọ ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin: omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.025% lọ, ìyẹn gíráàmù 250 péré nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí omi bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, nínú ooru yẹn ni omi á ti máa gé okùn PLA já. Ohun tó máa jáde á kàn máa ṣàn ni, kò ní lágbára láti di gáàsì mú. Ní oṣù Keje ní Àkúrẹ́, nígbà tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, àpò PLA tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ sùn ti mu omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó gbóná sí i ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ mìíràn lọ níbi iṣẹ́ yìí, òun sì lọ́pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ náwó lé.

Ibi tí a ti ń gé e náà la ti ń po ẹbu táákì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pọ́dà, díẹ̀ mọ́ ọn. Ara ẹbu yẹn ni ihò kéékèèké á ti bẹ̀rẹ̀. Láìsí i, ihò á tóbi jù, hóró náà á sì máa tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Gáàsì ló kàn. A ó da hóró sínú ìkòkò irin tó nípọn, a ó sì fi CO2 sí i, ìyẹn gáàsì tó ń hó nínú mínírà. Láti nǹkan bí 20 bar (òṣùwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì) sókè la ń wí; táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kì í gbà ju 2 tàbí 3 bar lọ. Gáàsì á máa wọ inú PLA lọ díẹ̀díẹ̀, á sì mú un rọ̀. Ẹ wọn hóró náà kó tó wọlé, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bó bá ti jáde: ohun tó fi wúwo sí i ni gáàsì tó mu. Ojú kò lè sọ fún yín.

Bó bá ti jáde, kò sí àyè ọ̀rọ̀ mọ́, torí CO2 ń jò lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Fíríísà lè dá a dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ooru: afẹ́fẹ́ gbígbóná, tàbí omi gbígbóná tí kò tí ì hó, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Èyí ló dùn ún wò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Hóró tó ń dán bíi gíláàsì á kọ́kọ́ funfun létí, funfun yẹn á wọ àárín, á wá wú lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sókè sójú omi. A ó gbọ́n ọn, a ó tẹ́ ẹ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó kó o sí móòdù, a ó fi ooru omi lù ú kí hóró lẹ̀ mọ́ra.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí: kìlò PLA kan kò kún lítà kan. Bí hóró bá wú dé ibi tí lítà kan ti wọn gíráàmù 25, kìlò kan yẹn ti di lítà 40, ìyẹn rọ́bà péńtì mẹ́wàá tí wọ́n fi ń wọn gàárì lọ́jà Ọba.

Kí ló dé tí ẹ ò lo gáàsì táwọn oní-polystyrene ń lò?

Pentane ni wọ́n ń lò. Ó rọrùn ju CO2 lọ lóòótọ́, torí ó máa ń pẹ́ nínú hóró, èèyàn lè rà á tí gáàsì ti wà nínú rẹ̀ kó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ó ń gbiná bíi pẹtiróòlù. Ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìn ògiri, a ò fẹ́ ẹ nítòsí wa. Àwọn tó ṣe hóró PLA ní Netherlands àti ní New Zealand náà, CO2 ni wọ́n yàn.

Hóró mi wú dáadáa, àmọ́ nígbà tó yá ó hunjọ. Kí ló ṣe é?

Ó lè jẹ́ ohun mẹ́ta. Èkíní, CO2 máa ń tètè jáde ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé lọ. Inú ihò á ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ara hóró bá ti tutù tó sì ti le, á dúró. Bó bá ṣì ń rọ̀, á hunjọ. Ẹ mú un tutù kíákíá lẹ́yìn tó bá wú. Èkejì, ooru ti pọ̀ jù tàbí ó ti pẹ́ jù: ẹ ti ń lé fífúyẹ́ ju ibi tí ike yẹn lè gbà lọ. Ìkẹta, PLA ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti yọ́ ọ nítorí omi. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, àfi kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbígbẹ. Àwọn kan máa ń po èròjà tó ń so okùn PLA padà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ike tó tutù di gbígbẹ.

Inú móòdù, hóró ò lẹ̀ mọ́ra. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì tú.

Irú PLA tí ẹ rà ni kí ẹ wò. Oríṣi kan wà tí okùn inú rẹ̀ ń fẹ́ tò jọ nígbàkígbà tó bá rí ooru, bó bá sì ti tò jọ tán, ó ti le, ooru omi kò ní mú ojú rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹ wá èyí tí D-lactide (ẹ̀yà lactic acid kan tó ń da títò okùn rú) inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, torí okùn tirẹ̀ kì í lè tò jọ. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé 100°C ti pọ̀ jù fún un, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru omi pẹ́ lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á wọlé wọ̀ǹjẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi ohun tó ń lẹ̀ pa hóró lára kó tó wọ móòdù.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè ṣe é lẹ́yìnkùlé mi ní Ọ̀bà-Ilé?

Ti PLA? Rárá, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bí 20 bar bá wà nínú rẹ̀, agbára tó ń ti ìdérí yẹn tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 14. Wẹ́dà tó bá sọ pé òun lè jó irú rẹ̀ fún yín láti inú páìpù àlòkù fẹ́ pa yín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀. Ìkòkò tí wọ́n ti fi omi dán wò, tó ní fáàfù tó ń tú gáàsì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ má ṣe é rárá.

Ohun kejì ni pé CO2 kì í rùn, kò láwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bá rìn. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ti fèrèsé pa nítorí olè, ó lè lé afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó mọ̀. Yìnyín gbígbẹ, ìyẹn CO2 tó dì, tí ẹ fi sínú mọ́tò láti Èkó lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ ṣí fèrèsé.

Kí la wá lè fi ẹ̀gẹ́ Ondo ṣe?

Fóòmù sítáàṣì. Èyí ló dùn mọ́ wa nínú jù, torí ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí. Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń ṣe sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ní iye tó pọ̀. Kò nílò CO2, kò nílò ìkòkò pírẹ́ṣọ̀. Omi ni gáàsì rẹ̀. Ẹ̀rọ onísíkúrù á máa ti sítáàṣì tó ní omi díẹ̀ nínú lọ nínú páìpù gbígbóná, bó bá ti dé ẹnu ihò, omi inú rẹ̀ á di ooru omi lẹ́ẹ̀kan náà, sítáàṣì á sì wú. Ohun tó ń bẹ́ gúgúrú náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń yí lẹ́nu ihò á gé e wẹ́wẹ́, ó di hóró tí ẹ lè fi há ago tàbí fóònù mọ́ inú páálí. Wọ́n tún lè po sítáàṣì bí ẹ̀kọ, kí wọ́n dà á sáàárín irin gbígbóná méjì, á sì jáde bí abọ́.

Àlébù rẹ̀ ò farasin. Omi ni ọ̀tá rẹ̀: bí òjò bá pa á, ó ti di lẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, nígbà òjò ó ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, torí náà ọ̀rá tí kì í gba afẹ́fẹ́ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Eku fẹ́ràn rẹ̀, kòkòrò ìdí ìyẹ̀fun náà fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé fóòmù ni.

Ṣé mo lè bu àmàlà sí i? Ẹja dídì ńkọ́?

Mọ̀mí, ẹ má bu àmàlà sí fóòmù PLA. Láti nǹkan bí 55°C sí 60°C ló ti ń rọ̀, àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Abọ́ yẹn á tẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà yín.

Ti ẹja dídì àti oògùn tó ń fẹ́ ibi tútù yàtọ̀. Fóòmù PLA ń dá ooru dúró dáadáa, omi yìnyín kì í sì yọ ọ́. Ẹni tó bá ń kó ẹja láti Ìgbọ́kọ̀dá lè lò ó. Kìkì pé kó má gbàgbé àpótí náà ní òfìfo sínú búùtù mọ́tò tó dúró sóòrùn oṣù Kejì. Ooru inú búùtù lè tó láti yí i lẹ́sẹ̀ padà.

Tí mo bá jù ú sí gọ́tà, ṣé á jẹrà?

Kò ní jẹrà níbẹ̀. Ibí gan-an ni àwọn tó ń polówó rẹ̀ ti ń parọ́ jù. Ìlànà tí wọ́n fi ń mọ ike tó ń jẹrà di ajílẹ̀, EN 13432 ní Yúróòpù àti ASTM D6400 ní Amẹ́ríkà, sọ pé ìdá 90 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti yí padà láàárín oṣù mẹ́fà. Àmọ́ inú ooru nǹkan bí 58°C ni wọ́n ti ń dán an wò. Gọ́tà Òkè-Àró kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, odò Àlà náà kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. PLA tó bá wọ odò Àlà á máa léfòó lọ bíi fóòmù tó kù ni, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti sítáàṣì lè yọ́ sínú omi gọ́tà, òtítọ́ ni. Ìyẹn ò ní kí ẹ máa dà á síbẹ̀.

Ibo ló wá yẹ ká gbé e sí?

Òkìtì ajílẹ̀ tó gbóná. Ààtàn tó wà lójú ọ̀nà Ìgbátòrò kò lè ṣe é, torí bẹ́ ẹ bá da fóòmù yìí pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti agolo, kò sẹ́ni tó máa ṣà á.

Ohun tí òkìtì ń fẹ́ kò wọ́n ní Àkúrẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ wà láwọn oko adìẹ, lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní sọ́míìlì, èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì, èèpo kòkó sì wà ní Ìdànrè àti Ilé-Olújì, tó ń jẹrà sábẹ́ igi láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀. Ẹ kó o jọ kó ga tó mítà kan ó kéré tán, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì kékeré kì í di ooru mú. Ẹ bu omi sí i. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀ tí ẹ fún un, ó yẹ kí omi kán díẹ̀, kó má ṣàn. Ẹ ki tẹ̀mómítà gígùn bọ àárín rẹ̀: láàárín 55°C sí 65°C la ń wá. Bó bá ti ń tutù, ẹ dà á rú. Fóòmù á kọ́kọ́ hunjọ, á pọ́n díẹ̀, á wá máa fọ́ lọ́wọ́ bí ẹ bá fi ìka rún un. Ògiri ihò rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tí kì í fi pẹ́ tó abọ́ PLA tó nípọn.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún àgbẹ̀: PLA kì í sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. CO2 àti omi ló ń dà. Ìgbẹ́ adìẹ àti èèpo kòkó ló ń bọ́ iṣu yín, fóòmù kàn bá wọn wọ ọkọ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí ẹni tó ń tà á fún mi bá ń tàn mí?

Ẹ ju hóró kan sínú ife omi. Bó bá yọ́, sítáàṣì ni; bí ẹ bá sì kán áyódíìnì ilé oògùn sí i lára, á dúdú bíi aró. Bí kò bá yọ́, ẹ gbé e jìnnà sí iná kí ẹ kán pẹtiróòlù ẹyọ kan sí i. Polystyrene á yọ́ lójú ẹsẹ̀, ohun táwọn káfíńtà fi ń ṣe gọ́ọ̀mù ni. PLA kò ní mira. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí EN 13432 tàbí ASTM D6400. Àwòrán ewé tútù tí wọ́n tẹ̀ sára àpò kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ṣé òfin Èkó kàn wá?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, kọmíṣọ́nà ètò àyíká ní Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de fóòmù tékàwéè. Àkúrẹ́ kì í ṣe Èkó, ṣùgbọ́n bí ọjà yín bá ń lọ sí Èkó, ó kàn yín. Ẹ má sì rò pé “tiwa ń jẹrà” á tó láti fi dáhùn lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó dá yín dúró kò lè fi ojú yà á sọ́tọ̀.

Ṣé ó wọ́n ju ti polystyrene lọ?

Ó wọ́n. PLA fúnra rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, dọ́là la fi ń rà á, iná ìjọba tó ń ṣẹ́jú sì ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ láàárín iṣẹ́.

Mo ṣì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Tẹ̀mómítà gígùn fún òkìtì, kí ẹ sì ní òkìtì náà kí ẹ tó ní fóòmù. Tí kò bá síbi tó máa jẹrà sí, ohun tí ẹ fẹ́ tà kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó kàn wọ́n jù ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sítáàṣì.

Kí ẹ sì ra òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Òṣùwọ̀n alátà kò wúlò níbí: rọ́bà péńtì kan tó kún fún hóró tó wú dáadáa kì í wọ̀n ju gíráàmù 100 lọ, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ìwúwo rọ́bà kúrò. Ẹni tó bá mọ ọjà yìí, nọ́ḿbà yẹn ló máa kọ́kọ́ bi yín.